Ta Ni Yóò Jókòó Sídìí Kọ̀ǹpútà Wigati?

Kọ̀ǹpútà náà kò tíì jáde nínú páálí tí ẹni méjì ti ń du bí wọn yóò ṣe darí rẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e wá láti Jogja lọ́jọ́rú, wọ́n fi okùn dè é mọ́ ìjókòó bí ewúrẹ́ iléyá, wọ́n sì gbé e sórí tábìlì pálọ̀ Mbok Karsi. Wigati, ọmọ Mbok Karsi, ni ó ni ín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pa páálí náà lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì ń dá rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi rà á, kò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì tọrọ.

Bí ènìyàn bá ra kọ̀ǹpútà tí ó ṣófo, ó ní láti yan ètò tí yóò máa darí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin lásán ni ó rà. Ibi yíyàn yìí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni Paklik Tarnoyo, àbúrò ìyá Wigati. Paklik ni à ń pe irú àbúrò ìyá bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Jáfà. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni títí ó fi fẹ̀yìn tì, gbogbo ohun tí ó sì mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, orí Windows ni ó ti mọ̀ ọ́n. Kò tíì jókòó dáadáa tí ó ti dájọ́.

"Nduk," ni ó pè é, bí àgbà ti ń pe ọmọbìnrin. "Windows la máa fi sí i. Kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Òun ni gbogbo ọ́fíìsì ń lò. Èmi fúnra mi á máa wá nírọ̀lẹ́ wá ràn ẹ́ lọ́wọ́."

"Ó dáa, Paklik," ni Wigati dáhùn.

Ní ọjọ́ kejì, Gilar yà wọlé. Ọmọ Paklik kan ṣoṣo ni, ó ń kàwé ní yunifásítì ní Jogja, akoto ọ̀kadà ṣì wà lórí rẹ̀ tí ó ti ń pariwo.

"Mbak Wigati! Ẹ̀gbọ́n mi! Má jẹ́ kí wọ́n fi Windows sí i o! Linux ni kó o lò. Ọ̀fẹ́ ni, a ò ní lo ayédèrú díìsì, kò sẹ́ni tó máa pè wá lólè. Èyí tí mo ní lọ́wọ́ báyìí, tó o bá rí i..." Ó rántí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ṣí akoto kúrò lórí. "Ó rẹwà gan-an ni ṣá. Gbogbo ojú ẹ̀ ń dán bíi gíláàsì. Bó bá sì ta kú, má mikàn, màá wá tún un ṣe."

"Ó dáa, Gilar," ni Wigati wí.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí pe Wigati ní òpùrọ́. Lọ́dọ̀ wa, ewúrẹ́ tí ó bá fẹ́ jẹ aṣọ lórí okùn nìkan ni à ń sọ "rárá" fún. A kì í sọ ọ́ fún àgbà, a kì í sì í sọ ọ́ fún ẹni tí ó ń ṣe wá lóore lọ́fẹ̀ẹ́. "Ó dáa" ni à ń sọ, a ó wá lọ sílé lọ ṣe bí ó ti wù wá, ẹni tí a sọ ọ́ fún náà á sì mọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n gbà fún òun, kí ó máa wo ẹsẹ̀, kí ó má wo ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń gbé pọ̀ láìjà, bẹ́ẹ̀ náà ni a sì ṣe ń kó ara wa sínú wàhálà.

Ohun kan náà ni Wigati gbọ́ lẹ́nu bàbá àti ọmọ. Paklik ní, "màá wá." Gilar ní, "màá wá." Ohun tí ó sì tìtorí rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà ni pé kí ẹnikẹ́ni má baà wá mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Wigati nígbà tí ibà gba ojú rẹ̀. Ó lọ sí ilé-ìwé àwọn afọ́jú, ó kọ́ bí wọ́n ti ń fi òróró wọ́ ẹ̀yìn àti ejìká fún àwọn tí ara ń ro, ó kọ́ títẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún un gan-an ni ìtàn. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ lẹ́yìn oníbàárà, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ọba ti ń jágbe mọ́ ìjòyè, tí ìyáálé ń bú ìyàwó. Ketoprak ni à ń pe irú eré bẹ́ẹ̀, rédíò àdúgbò wa sì máa ń ṣe é. Wigati á sọ ọ́ lẹ́nu, Paklik á sì tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ilé tirẹ̀, torí òun ni ó ní ojú, òun náà sì ni ó ní kọ̀ǹpútà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo abúlé sì ń yin àwọn méjèèjì.

Eré Rukmi ni ó ba nǹkan jẹ́. Rukmi yìí, bí Wigati ti sọ ọ́, ọmọ olóko ìrẹsì ni, bàbá rẹ̀ sì fẹ́ fi í fún arúgbó agbowó-orí kan. Ó kọ̀. Ó di ẹrù rẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó wọ odò láti sọdá, bàbá rẹ̀ dúró létí omi ń pè é, kò sì padà. Ibẹ̀ ni eré parí sí. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lórí rédíò, Wigati wà nílé aládùúgbò pẹ̀lú àwọn obìnrin, wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà díndín. Ó gbọ́ tí Rukmi wọ odò. Ó gbọ́ tí bàbá pè é. Ó sì gbọ́ tí Rukmi yí padà, tí ó kúnlẹ̀, tí ó gbé orí lé orókún bàbá rẹ̀, tí ó ń sunkún bẹ̀bẹ̀ pé kí ó dárí ji òun. Gbogbo obìnrin inú ilé bú sẹ́kún.

"Wigati, o mọ̀ ọ́n kọ o! Ẹ wò ó bí omijé ṣe ń bọ́ lójú mi!"

Wigati da ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. Nígbà tí ó bi Paklik, Paklik rẹ́rìn-ín. "Mo kàn bá ẹ bu omi tútù sí i díẹ̀ ni, Nduk. Àwọn èèyàn ò ní fara mọ́ ọmọ olóríkunkun bẹ́ẹ̀ yẹn." Wigati ní ó dáa. Ṣùgbọ́n inú bí i, inú bí i dé ibi pé ó wọ́ ẹ̀yìn ìyá oníbàárà kan lọ́jọ́ náà títí ìyá ọ̀hún fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó fi òun sílẹ̀ láàyè. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń tọ́jú owó.

Ọdún tí à ń ṣe lẹ́yìn ìkórè láti wẹ abúlé mọ́ ti wá ń bọ̀ wàyí, ọ̀gá rédíò sì ti sọ fún Wigati pé Rukmi ni àwọn tún fẹ́ ṣe, torí àwọn ènìyàn kò yéé béèrè rẹ̀. Ó ní bí ó bá ní àtúnṣe kankan, kí ó kọ ọ́ wá ní ọjọ́ Ajé. Bí kò bá rí nǹkan kan gbà, èyí tí Paklik tẹ̀ níjọ́sí ni àwọn yóò lò. Wigati kò lálàá ohun mìíràn ju kí Rukmi kọjá odò náà lọ.

Ìgbà tí Gilar lọ tán lọ́jọ́bọ̀ yẹn ni ó pe Kenes lórí fóònù. Wọ́n jọ lọ ilé-ìwé afọ́jú ni, Kenes sì ti ń lo kọ̀ǹpútà láti ìgbà pípẹ́ ní Klaten.

"Èwo ló máa ń bá afọ́jú sọ̀rọ̀ nínú gbogbo wọn?" ni Wigati bi í.

"Gbogbo wọn ló lè sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ohun tó yẹ kó o bi mí ni èwo lo lè fọwọ́ ara ẹ gbé wọnú ẹ̀rọ, tí ò ní sí olójú kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Linux kan wà tó máa ń sọ̀rọ̀ látìgbà tí ẹ̀rọ ṣì ṣófo. Kò rẹwà lójú, kò ní ẹ̀ṣọ́. Tó o bá ti tanná sí i, dúró kó dún píì, kó o tẹ lẹ́tà S, kó o wá tẹ bọ́tìnnì ńlá apá ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Ó tán?"

"Ó tán. Ṣé o fẹ́ kó tún sè fún ẹ ni?"

Wigati pe Gilar padà, ó sọ orúkọ èyí tí Kenes wí fún un, ó ní kí ó bá òun gbà á sínú fíláàṣì rẹ̀.

"Èyí yẹn? Mbak, tàwọn arúgbó nìyẹn o! Ó burẹ́wà!"

"Ṣé èmi ti wá fẹjọ́ ìburẹ́wà sùn rí?"

Gilar rẹ́rìn-ín títí, ó ní ó dáa. Wigati gbé fóònù sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ gbọ́ mi ná: òun tí ó ti sọ "ó dáa" fún ẹni méjì láàárín ọjọ́ méjì, tí kò sì ní in lọ́kàn, ó wá gbọ́ "ó dáa" lẹ́nu ẹlòmíràn, ó sì gbà á gbọ́!

Àbámẹ́ta ni Paklik fi kàlẹ́ńdà Jáfà yàn pé ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun. Ó ti pe Gilar lọ́jọ́ Ẹtì pé kí ó mú díìsì Windows bọ̀, Gilar náà sì ti ní ó dáa. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, gbogbo wọn pé sí pálọ̀ Mbok Karsi. Wọ́n ti tú kọ̀ǹpútà jáde, wọ́n ti so ó mọ́ iná. Mbok Karsi gbé tíì àti tempe díndín, oúnjẹ ẹ̀wà sóyà wa, wá. Paklik wọ aṣọ batik tí ó fi ń lọ òde, òórùn sìgá oníkànáfùrù ń tẹ̀lé e, kò sì wo ọ̀tún wo òsì tí ó fi jókòó sórí àga tí ó kọjú sí kọ̀ǹpútà. Wigati mọ̀ nítorí pé àga náà dún, ó sì mọ ìró àga rẹ̀.

"Gilar! Díìsì yẹn dà?"

"Ó wà ńbẹ̀, Bapak," ni Gilar dá bàbá rẹ̀ lóhùn.

"Mú un wá."

"Ó dáa, Bapak." Gilar na ọwọ́ mú tempe kan, ó fi sẹ́nu.

"Gilar, díìsì!"

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi tíì lé e, Bapak."

"Mu tíì, ọmọ mi, mu tíì," ni Mbok Karsi wí kíákíá. Ó mọ ìran tirẹ̀, ó sì ti ń gbóòórùn ìjà.

"Ṣé èmi lò ń fi ṣeré ni, Gilar?"

Gilar gbé ife kalẹ̀. "Bapak, mi ò mú un wá. Mbak ló ní Linux lòun fẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́rú, níhìn-ín, ó sọ fún mi pé ó dáa!"

"Ó sọ fún èmi náà lọ́jọ́bọ̀ pé ó dáa!"

"Ìwọ gan-an sọ fún mi lánàá pé ó dáa!"

Wigati gbọ́ tí ọrùn àwọn méjèèjì yí padà sí òun, ìtìjú sì mú un dé etí. Ó wá ibi tí yóò sá sí.

"Gilar, èyí tí mo ní kó o gbà wá fún mi ńkọ́? Èyí tó ń sọ̀rọ̀?"

Gilar tún na ọwọ́ sí tempe.

"Gilar?"

"Mbak... èyí tó rẹwà yẹn ni mo gbà. Mo rò pé tó o bá ti gbọ́ bó ṣe ń yára, o ò ní béèrè tọ̀hún mọ́."

"O ní ó dáa."

"Mo ní ó dáa lóòótọ́."

Wigati rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. Ọbẹ̀ tí ó sè fún àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n bù fún un yìí, ó sì korò.

"Ó tán," ni Paklik wí, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ọlọ́run ṣe é, mo ti mọ irú ọmọ tí mo bí, mo mú díìsì tèmi dání." Ó tẹ ẹ̀rọ náà, àwo díìsì sì rọra yọ síta pẹ̀lú ariwo. Wigati gbọ́ ariwo yẹn. Ó mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e bí ẹni pé ó ti ṣẹlẹ̀ tán. Díìsì yóò wọlé. Paklik yóò jókòó síbẹ̀ lónìí, yóò jókòó síbẹ̀ lọ́la, yóò ní kí ó máa sọ, kí òun máa tẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, Rukmi yóò tún kúnlẹ̀.

"Rárá, Paklik."

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sí i."

"Nduk!" ni Mbok Karsi ké. "Ṣé ara ẹ yá ṣá? Ẹ má dá a lóhùn, oorun ò tó o ni."

"Mo sùn dáadáa, Mbok."

Paklik kò bínú, ó burú ju bí ẹni pé ó bínú lọ. Ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ni ó fi dá a lóhùn. "Nduk, bó bá jẹ́ tọ̀rọ̀ sísọ ni, Windows náà lè sọ̀rọ̀. Gilar, àbí kò lè sọ̀rọ̀?"

"Ó lè sọ̀rọ̀, Bapak," ni Gilar wí wúyẹ́wúyẹ́, Linux rẹ̀ ti di ohun ìgbàgbé.

"Mo mọ̀ pé ó lè sọ̀rọ̀," ni Wigati wí. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró mọ́. "Windows ò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, Paklik. Bó bá jẹ́ òun ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa jókòó síbẹ̀ yẹn. Bó bá sì jẹ́ ti Gilar tó ń dán bíi gíláàsì, Gilar ló máa jókòó síbẹ̀. Èmi ńkọ́? Ẹ̀yìn àga ni kí n máa dúró sí títí?"

"Ìrànlọ́wọ́ la fẹ́ ṣe fún ẹ!"

"Ẹ ti ràn mí lọ́wọ́, Paklik. Mi ò lè san án tán. Ṣùgbọ́n Rukmi ò kúnlẹ̀. Èmi ni mo sọ ìtàn yẹn, kò kúnlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo sì jókòó láàárín àwọn èèyàn, wọ́n ń yìn mí sí ohun tí mi ò ṣe, mo fẹ́ kú lọ́jọ́ yẹn."

Paklik ti díìsì sápò. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, gbogbo ohùn ọ́fíìsì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"O ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbi tí mo ti ń mu kọfí. Ọmọbìnrin tí ò ríran, tí ò lọ́kọ, tó wá ń kọ ìtàn ẹni tó lóun ò fẹ́ ọkọ tó bẹ́ sódò. Wọ́n á ní ara ẹ lò ń sọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, Nduk. Ìdí tí mo fi ṣe é nìyẹn."

Wigati kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ lára, omi sì lé ròrò sí ojú rẹ̀ tí kò ríran. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ibẹ̀ ni ìbá ti sọ pé ó dáa.

"Kí wọ́n máa sọ ọ́, Paklik. Èmi náà ni." Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí àga mi."

Kò sí ẹni tí ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbà rí nínú ilé náà, láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Mbok Karsi fi ọwọ́ bo ẹnu. Gilar ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé ó sọ abẹ́rẹ́ nù síbẹ̀. Àga dún. Paklik ti dìde. Ó kọjá lára Wigati, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì gbọ́ tí ó ṣáná sí sìgá. Kò lọ sílé. Bí ó bá lọ, a jẹ́ pé ìjà ti ṣẹlẹ̀, a kì í sì í gbà lọ́dọ̀ wa pé ìjà ṣẹlẹ̀.

"Gilar," ni Wigati wí, "gbé ọ̀kadà ẹ, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì ní Imogiri. Gba èyí tí mo wí wá. Ṣé wàá gbà á wá àbí o ò ní gbà á wá? Má sọ pé ó dáa fún mi."

"Màá gbà á wá, Mbak," ni Gilar wí, ó sì sáré jáde.

Tíì ti di tútù, wọ́n ti sè òmíràn, òun náà sì ti fẹ́ tutù kí Gilar tó padà dé. Ó ki fíláàṣì bọ ẹ̀rọ náà, ó sì dúró lẹ́yìn àga. Wigati jókòó. Ó wá bọ́tìnnì iná kàn, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé etí sílẹ̀. Atẹ́gùn inú ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Kò dún. Kò dún síbẹ̀. Gilar ti fẹ́ na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀.

"Mú ọwọ́ ẹ kúrò."

Ó dún píì. Wigati tẹ S, ó tẹ bọ́tìnnì ńlá náà, wọ́n sì dúró. Lójijì ohùn kan sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀, ohùn tí kì í ṣe ti ọkùnrin, tí kì í ṣe ti obìnrin, bí ẹni tí òtútù dí nímú. Mbok Karsi sá wọ ilé ìdáná. Gẹ̀ẹ́sì ni ohùn náà kọ́kọ́ ń sọ, ó ń ka orúkọ èdè káàkiri ayé àti nọ́ńbà wọn. Nígbà tí ó dé orí ti Indonéṣíà, Wigati tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ohùn náà sì yí sí èdè tí gbogbo ilé gbọ́.

Láti ibẹ̀ lọ, ìbéèrè ni. Ó bi í ní ìlú tí ó wà, ó dáhùn. Ó bi í ní orúkọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dé ibì kan, ó ní gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yìí ni òun máa pa rẹ́, ṣé kí òun ṣe é: bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá? Inú Wigati dùn sí ìbéèrè yẹn. Ẹni tí ó bi í kò ní bínú bí ó bá sọ pé rárá, kò sì ní lọ ṣe nǹkan mìíràn bí ó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí ó yá, ohùn náà ní kí ó yan ọ̀rọ̀ àṣírí tí yóò máa fi ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Gilar yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò wò ó, Mbak."

"Lọ bá Bapak ẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Mo ní mi ò wò ó!"

"Mo gbọ́. Máa lọ."

Ó lọ. Wigati nìkan jókòó pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni láyé kò bá a mọ̀. Láti kékeré rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ni ó ń ka ìwé tí wọ́n kọ sí i, àwọn ẹlòmíràn ni ó ń ka iye tó wà lórí owó rẹ̀ fún un. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì bí ohùn náà ti ní kí ó ṣe, ayọ̀ sì kún inú rẹ̀ dé ọ̀fun. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun alásàárì, kọ̀ǹpútà náà ti pa ara rẹ̀, ó ti tan ara rẹ̀ padà, ó sì ń dúró dè é.

Ní ọjọ́ Àìkú, láti òwúrọ̀ ni ó ti ń tẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé ohun tí ilé-ìwé kọ́ ọ. Bí ó bá ṣì í, ohùn náà á sọ fún un, òun á pa á rẹ́, á sì tún un tẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, ó gbọ́ bàtà Paklik lẹ́nu ọ̀nà, àti ikọ́ tí ó ń wú láti fi béèrè ààyè.

"Ẹ wọlé, Paklik."

Paklik wọlé. Kò lọ sídìí àga Wigati, ó fa àpótí kan wá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Nduk, ojú kọ̀ǹpútà yìí ṣókùnkùn. Ṣé ó ti bà jẹ́ ni?"

"Kò bà jẹ́. Èmi ni mo pa iná ojú ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìyẹn ni pé èmi ò lè rí nǹkan tó o kọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Paklik."

Paklik mí kanlẹ̀. "Kà á fún mi, nígbà náà."

Wigati yọ okùn agbọ́rọ̀sétí rẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ, ohùn náà sì bú jáde nínú yàrá. Èdè Jáfà ni Wigati fi kọ eré náà, ẹ̀rọ náà sì ń fi ohùn Indonéṣíà kà á bí àlejò tí ó ń kà á nínú ìwé ìrìn-àjò. Paklik fẹ́ pa á mọ́ra, kò lè pa á mọ́ra, ẹ̀rín gbé e lọ.

"Ọmọ Jakarta lo rí gbà síṣẹ́ yìí o! Pa ẹnu ẹ̀ mọ́, kó má ba eré jẹ́. Ìwọ ni kó o kà á."

Wigati ki okùn náà bọ ẹ̀rọ padà, ó sì fi í sí etí kan. Bí ohùn náà ti ń sọ ọ́ sí i létí, bẹ́ẹ̀ ni òun ń fi ohùn tirẹ̀ sọ ọ́ síta, ohùn bàbá fún bàbá, ohùn ọmọ fún ọmọ. Mbok Karsi jáde láti ilé ìdáná, ó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Rukmi di ẹrù. Rukmi wọ odò. Omi dé orókún rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì dé etí odò, ó ń ké, "Rukmi! Rukmi ọmọ mi!" Wigati mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì láti mí.

"Ó máa yí padà báyìí," ni Paklik wí jẹ́jẹ́. "Ó kéré tán, Nduk, kó kúnlẹ̀ létí omi. Kó kàn kúnlẹ̀ ni."

"Rárá, Paklik."

Ó gbọ́ tí apá aṣọ Paklik ha tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀, bí ó ti mọ́ ọn lára. Wigati kò sún, kò sì bò ó. Ọwọ́ náà dúró níwájú ojú kọ̀ǹpútà tí ó ṣókùnkùn, kò mọ orí ọ̀rọ̀, kò mọ ìparí rẹ̀, kò mọ èwo ni yóò pa rẹ́. Ó fà sẹ́yìn.

"Nduk," ni Paklik wí, ó sì sún àpótí rẹ̀ mọ́ ọn, "kí ló wá ṣe?"

Wigati tẹ bọ́tìnnì, ó fetí sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.